Ohun tí Ilé-Ìwé Fún Eré Sísá, Kó Fún Ajá Náà

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin òbí tí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá, ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ jókòó níwájú, mo kí gbogbo yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí nǹkan méjì tí mo ti fi ọ̀pọ̀ àsìkò mi ṣe: eré sísá nígbà tí mo wà nílé-ìwé girama, àti iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí èmi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ṣe fún ajá nílùú Ìbàdàn, níbi tí mo ti ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ẹranko. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ mi lónìí kò pọ̀. Àwọn ilé-ìwé wa mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọmọ di asáré. Ọgbọ́n yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí wọ́n lò láti fi gba ajá àti ọmọ ènìyàn lọ́wọ́ àrùn dìgbòlugi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo pápá. Gbogbo wa la mọ bí ilé-ìwé ṣe máa ń rí bí inter-house bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀. Wọ́n á pín àwọn ọmọ sí ilé pupa, ilé búlúù, ilé àwọ̀ ewé àti ilé yẹ́lò. Wọ́n á gé koríko pápá, wọ́n á fa ìlà funfun sí i. Gémù másítà á so fèrè mọ́rùn, kò ní bọ́ ọ títí ọjọ́ ìdíje á fi kọjá. Ìlù ìyíde á máa dún lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ọ̀sán. Ọmọ tí kò lè sáré á máa gbé omi fún àwọn tó ń sáré. Èyí tó lóhùn á máa lé orin ilé rẹ̀, èyí tó mọ ìṣirò á máa kọ máàkì sílẹ̀. Kò sẹ́ni tí kì í ríṣẹ́ ṣe. Ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kúrò níbẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó nìyí: eré tí ẹni mẹ́rin péré sá, odindi ilé-ìwé ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ríléè ni tèmi. Ẹni mẹ́rin, mítà 100 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá kan ṣoṣo. Lórí pápá tó bá òfin àgbáyé mu, mítà 30 péré ni àyè tí ẹni tó ń bọ̀ àti ẹni tó fẹ́ lọ ní láti fi gba ọ̀pá yẹn lọ́wọ́ ara wọn. Bí wọ́n bá gbà á kọjá ìlà, wọ́n á yọ gbogbo ikọ̀ náà kúrò. Nítorí náà, gbígbà ọ̀pá ni olùkọ́ wa fi ìrọ̀lẹ́ tó pọ̀ jù kọ́ wa. Na ọwọ́ sẹ́yìn, má wẹ̀yìn, jẹ́ kí ẹni tó ń bọ̀ rí àtẹ́lẹwọ́ rẹ. A óò tún un ṣe, a óò tún un ṣe, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kò sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ fún wa nírú ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀. A ń lọ torí pé ilé-ìwé ti ya àkókò náà sọ́tọ̀, torí pé olùkọ́ á béèrè ẹni tí kò wá, àti torí pé ilé pupa wà lódì kejì pápá, àwọn náà ń múra.

Mo fẹ́ràn àwọn obìnrin mẹ́rin tó sá ríléè yìí fún Nàìjíríà nílùú Barcelona lọ́dún 1992: Beatrice Utondu, Faith Idehen, Christy Opara-Thompson àti Mary Onyali. Wọ́n gba àmì ẹ̀yẹ idẹ nínú ìdíje Òlíńpíìkì. Mo fẹ́ràn Tóbi Amùsàn náà, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tó lọ sí ilé-ìwé girama Our Lady of Apostles níbẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 2022, ní Eugene ní Amẹ́ríkà, ó fi ìṣẹ́jú àáyá 12.12 sá eré afògi mítà 100, kò sì sí obìnrin tó yára tó bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kan náà ó tún padà wá gba wúrà. Ẹ̀bùn tirẹ̀ kò ṣe é jiyàn. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tó ń bá igi tí wọ́n ń fò yẹn nínú ọgbà bàbá rẹ̀. Ẹnì kan ní láti rà á, kó tò ó, kó dúró tì í pẹ̀lú aago lọ́wọ́.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ẹranko.

Ìfẹ́ ẹranko la fi sílẹ̀ fún ẹni tí Ọlọ́run bá fún. Bí ọmọ kan bá ń fún ajá àdúgbò lóúnjẹ, àwọn àgbà á ní aláàánú ni. Bí òmíràn bá ń sọ ajá náà lókùúta, wọ́n á ní ọmọdé ló ń ṣe é. Kò sí àkókò tí a yà sọ́tọ̀, kò sí olùkọ́, kò sí máàkì. Ó dùn mí, torí pé Yorùbá kò fi ọ̀rọ̀ ajá ṣeré láyé àtijọ́. Ọdẹ àti ajá rẹ̀ jọ ń wọ igbó ni. Àwọn bàbá wa a tilẹ̀ máa fi òwe sọ ajá lórúkọ, débi pé bí wọ́n bá ń pe ajá wọlé, aládùúgbò á gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ kó gbọ́. Ẹran tí ẹ fún nírú orúkọ bẹ́ẹ̀, ẹ kà á sí ará ilé.

Dìgbòlugi ni mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi dúró lé lórí, torí pé òun ni ó so ìgbésí ayé ajá mọ́ ti ọmọdé ju ohunkóhun lọ. Kòkòrò àrùn náà ń gbé inú itọ́ ajá tó ń ṣàìsàn. Bí ajá yẹn bá buni jẹ, kòkòrò náà á wọ inú ẹran ara, á wá máa rìn díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà iṣan títí á fi dé ọpọlọ. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan, ó lè gba ọdún kan, ṣùgbọ́n oṣù méjì sí mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń gbàgbé. Egbò ti san, ọmọ ti padà sílé-ìwé. Tí àmì àrùn bá wá yọ, tí omi bá ń ba aláìsàn lẹ́rù, tí kò lè gbé nǹkan mì mọ́, ikú ló máa ń já sí, àfi àwọn díẹ̀ tí a lè ka orúkọ wọn káàkiri ayé. Àjọ ìlera àgbáyé fojú bù ú pé bíi 59,000 ènìyàn ló ń kú bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, tí ọ̀pọ̀ jù nínú wọn wà ní Éṣíà àti ní Áfíríkà wa níbí. Ìdá 99 nínú 100 ló jẹ́ pé ajá ló kó o ràn wọ́n. Ìdá 40 nínú 100 ló jẹ́ ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 15. Ẹ̀yin àbúrò mi, ọjọ́ orí tiyín nìyẹn.

Ohun tó sì ń mú mi banú jẹ́ ni pé àrùn yìí ní ìdènà láti ayé àwọn bàbá ńlá wa. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1885 ni Louis Pasteur jẹ́ kí wọ́n gún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan, Joseph Meister, ní abẹ́rẹ́ nílùú Paris nílẹ̀ Faransé, lẹ́yìn tí ajá bù ú jẹ. Ọmọ náà yè. Pasteur kú ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1895, ọjọ́ yẹn ni gbogbo ayé sì ń fi ṣe Àyájọ́ Dìgbòlugi. Abẹ́rẹ́ tiwa náà wà nílé: ilé ìwádìí ìṣègùn ẹranko ti ìjọba tó wà ní Vom, lẹ́bàá Jos, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1924, ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi fún ajá. Ìbàdàn gan-an lórúkọ nínú ìmọ̀ yìí. Lọ́dún 1968, nínú ara asín tí wọ́n mú ní Mọ́kọ́lá, ni àwọn onímọ̀ ti rí kòkòrò kan tó jẹ́ ìbátan dìgbòlugi. Mọ́kọ́lá ni wọ́n ń pè é títí dòní ní gbogbo ilé ìwádìí àgbáyé.

Láyìíká Àyájọ́ Dìgbòlugi yẹn ni èmi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń gbé tábìlì jáde láti gún ajá lábẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ á wà nínú kúlà pẹ̀lú yìnyín, torí pé kò gbọ́dọ̀ gbóná ju ìwọ̀n 8 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, kò sì gbọ́dọ̀ dì. Dókítà ẹranko á gún ajá, ẹni tó mọ ajá dì mú á dì í mú, ẹlòmíràn á kọ káàdì tó fi hàn pé ajá náà ti gba abẹ́rẹ́. Àwọn kan á gbé gbohùngbohùn káàkiri àdúgbò. Ohun tí mo rí níbẹ̀ kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní kíláàsì: àwọn ọmọdé ló ń mú ajá wá. Bàbá ló ni ajá lórúkọ. Ọmọ ló mọ ibi tó ń sùn, ọdún tó bímọ kẹ́yìn, àti ẹni tí kò fẹ́ kó fọwọ́ kan etí òun. Ajá tó ń gbó mọ́ wa á dákẹ́ bí ọmọ náà bá ti gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn. Mo ti rí ọmọbìnrin kékeré kan tó fi àjákù aṣọ fa ajá kan dé ọ̀dọ̀ wa, tó tún padà lọ mú ti aládùúgbò wá.

Bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ náà ń jẹ́ aláìpé. Àwọn onímọ̀ ní bí ajá 70 nínú 100 bá gba abẹ́rẹ́ ní àdúgbò kan, àrùn náà kò ní rí ọ̀nà kọjá láti ara ajá kan sí òmíràn. Ṣùgbọ́n ìdá 70 nínú mélòó? A kò mọ iye ajá tó wà ní àdúgbò. Níbì kan abẹ́rẹ́ á tán nígbà tí èrò ṣì tò, níbòmíràn a óò ru púpọ̀ padà sílé. Àti pé ajá kì í pẹ́ láyé bí ènìyàn. Àwọn àgbà ń kú, àwọn ọmọ tuntun tí kò gba abẹ́rẹ́ ń ya wọlé, ìdá 70 tí a dé lọ́dún yìí á ti wálẹ̀ kí ọdún tó ń bọ̀ tó pé. Inú rere ọjọ́ kan kò lè gbé e. Ó ń fẹ́ ohun tó máa ń padà wá lọ́dọọdún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń bẹ̀bẹ̀, bí inter-house ti ń ṣe.

Ìmọ̀ràn mi nìyí, ẹ̀yin olùkọ́ wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kìn-ín-ní, tí ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ṣì wà níwájú, ẹ gbé iṣẹ́ náà fún àwọn ilé tí ẹ ti pín tẹ́lẹ̀. Kí ilé kọ̀ọ̀kan ka ajá tó wà nílé àwọn ọmọ rẹ̀ àti ládùúgbò wọn: akọ tàbí abo, tó ti gba abẹ́rẹ́ tàbí tí kò tí ì gbà. Ẹ fún ìkà tó péye ní máàkì. Ẹ fún ajá kọ̀ọ̀kan tó bá ní káàdì ní máàkì, kó wọ àpapọ̀ ife ẹ̀yẹ kan náà tí asáré ń gba máàkì fún. Kí ẹ yan olùkọ́ kan tí yóò máa béèrè ẹni tí kò wá, kí ẹ sì pe dókítà ẹranko ìjọba ìbílẹ̀ wá sórí pápá ilé-ìwé, torí pé gbogbo ìdílé mọ ọ̀nà ibẹ̀. Nígbà náà ni ọmọ tí kò lè sáré mítà 100 yóò lè mú ilé rẹ̀ borí.

Mo mọ ohun tí àwọn òbí kan ń rò. Ìdánwò WAEC wà níwájú, oúnjẹ wọ́n, kí ni ti ajá? Mo bọ̀wọ̀ fún ìbéèrè yẹn. Owó abẹ́rẹ́ ajá kan kéré púpọ̀ sí owó àwọn abẹ́rẹ́ tí wọ́n á gún ọmọ lẹ́yìn tí ajá bá bù ú jẹ, ìyẹn bí wọ́n bá tilẹ̀ rí i rà. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ fi ti owó nìkan parọwà. Mo ti rí ajá tí dìgbòlugi mú. Ó ń rìn láìmọ ibi tó ń lọ, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, kò mọ olówó rẹ̀ mọ́. Ìyà ni. Ẹran tó ṣọ́ ilé wa lóru kò yẹ fún irú ikú bẹ́ẹ̀ nígbà tí abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún lè gbà á.

Ààlà wà, mo sì fẹ́ kó ṣe kedere. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má di ajá tí kò mọ̀ mú láé. Àwa tí a ń dì í mú ti kọ́kọ́ gba abẹ́rẹ́ tiwa. Iṣẹ́ ọmọ ilé-ìwé ni kíkà, kíkọ, kíkéde, àti mímú ajá ilé rẹ̀ wá pẹ̀lú àgbàlagbà. Ibì kan sì wà tí ẹ̀kọ́ pápá kò ti wúlò rárá: bí ajá àjèjì bá ń bọ̀, má sáré. Dúró gbọn-in, ká ọwọ́ mọ́ra, má wò ó lójú, jẹ́ kó gbóòórùn rẹ kó sì máa lọ. Má dà á láàmú nídìí oúnjẹ tàbí nídìí ọmọ rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, ọmọkùnrin kan láti ilé búlúù dìde, ó béèrè pé bí ajá tó ní káàdì bá bu òun jẹ, ṣé òun ṣì níláti lọ sílé ìwòsàn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. Má fi epo pupa, ata tàbí irun ajá sí i. Sọ fún àgbàlagbà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà pẹ̀lú káàdì ajá lọ́wọ́. Kí wọ́n má pa ajá náà. Kí wọ́n so ó, kí wọ́n máa fún un lóúnjẹ àti omi, kí dókítà ẹranko sì máa wò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá. Bí ara rẹ̀ bá le títí ọjọ́ yẹn fi pé, kò sí dìgbòlugi nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bù ọ́ jẹ.