Sàráà Omi Ọjọ́ Jímọ̀ àti Ọ̀rá Tó Ṣẹ́kù

Assalāmu alaykum wa rahmatullāhi wa barakātuh. Ẹ̀yin ará nínú Islam, ẹ kú Jímọ̀ o.

Nígbà tí ìyá Sa'd bin Ubaadah kú, Sa'd, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn sàhábé, bi Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pé sàráà wo ló lọ́lá jù. Ànábì ní omi ni. Sa'd bá gbẹ́ kànga, ó ní ti ìyá òun ni. Ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi ń gbé píọ̀ wọ́tà wá sí mọ́sáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, n'Íjẹ̀bú Òde, ní Ṣágámù, káàkiri. Láádá ń bẹ níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ní kò sí.

Ṣùgbọ́n kànga Sa'd kò fi ọ̀rá sílẹ̀. Tí ìmáàmù bá ti sálámà tán, ẹ wo ẹnu ọ̀nà: ọ̀rá lábẹ́ bàtà, ọ̀rá nínú gọ́tà, ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bútà àlùwàlá. Bẹ́ẹ̀ ó wà nínú ìwé hàdíìsì tí Imaam Muslim kó jọ pé ẹ̀ka ìgbàgbọ́ lé ní àádọ́rin, èyí tó kéré jù níbẹ̀ ni kéèyàn mú ohun ìnira kúrò lójú ọ̀nà. Àwa kírun tán, a da ìnira sójú ọ̀nà, a tún ń retí láádá sàráà!

Ọjà ńkọ́? Ẹ dé ọjà Òkè Ajé n'Íjẹ̀bú Òde, ata wọnú ọ̀rá, tòmátò wọnú ọ̀rá, ẹja gba ọ̀rá méjì kómi má bàa jò, wọ́n á wá kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú ńlá. Kí ọbẹ̀ tó jinná, gbogbo rẹ̀ ti dààtàn. Ewé tí wọ́n fi pọ́n ẹ̀kọ máa ń jẹrà. Ọ̀rá kì í jẹrà bẹ́ẹ̀, nítorí epo rọ̀bì àti gáàsì ni wọ́n fi ń ṣe é. Oòrùn á kàn máa gé e wẹ́wẹ́ sínú ilẹ̀ àti omi ni. Ẹni tó bá sì dáná sun ún, èéfín rẹ̀ ló ń fún ọmọ rẹ̀ fà símú.

Ẹ bi àwọn alápatà ohun tí wọ́n ń bá nínú ikùn ẹran tó bá jẹ̀ kiri ìgboro. Ọ̀rá ni, tó ti dì gbagidi, tí kò dà, tí kò sì lè jáde. Inú ẹran á kún, ara rẹ̀ á máa rù. Àgbò Iléyá tí à ń wo ojú rẹ̀, ìwo rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kó má lábùkù, ọ̀rá tiwa lè ti máa bà á jẹ́ láti inú. Ọlọ́hun sọ nínú Suuratu Ruum, aaya 41, pé ìbàjẹ́ ti hàn lórí ilẹ̀ àti lójú omi nítorí ohun tí ọwọ́ àwọn èèyàn ṣe.

Ìjọba Èkó ti fòfin de ike fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń bu oúnjẹ láti 2024. Ṣé ó dìgbà tí wọ́n bá fòfin mú wa kí Mùsùlùmí tó gbọ́n?

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe sàráà omi ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, kó gbé kúlà àti ife wá. Bí kò bá sí, kó fi àpò ńlá kọ́ ẹnu ọ̀nà, kó yan ọ̀dọ́ kan tí yóò máa gba ọ̀rá lọ́wọ́ àwọn tó mu. Àwọn tó ń rà á lọ tún ṣe wà. Owó náà kéré, àmọ́ á ra ọṣẹ síbi àlùwàlá. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ gbé agbọ̀n lọ sọ́jà, kẹ́ ẹ mú ike onídèérí dání fún ẹja àti ẹran. Bí ìyá aláta bá ti ń fa ọ̀rá yọ, ẹ ní, "Màmá, ẹ dà á síbí." Wọn ò ní bínú, owó ni wọ́n fi ń ra ọ̀rá náà.