"Ọlọ́run Tóbi Jù": Ọ̀rọ̀ nípa Àṣíbíṣọ́ọ̀bù Antje Jackelén

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Níbi tí ìjà ti bẹ́ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2013 wọ́n dìbò yan Antje Jackelén sípò àṣíbíṣọ́ọ̀bù Uppsala, ìyẹn olórí gbogbo Ìjọ Lutheran ilẹ̀ Swídìn, obìnrin ò jẹ oyè yẹn rí, àmọ́ ohun tí àwọn kan gbé gbóná kì í ṣe pé ó jẹ́ obìnrin, ọ̀rọ̀ tó yàn ṣe àkọmọ̀nà iṣẹ́ bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni, "Ọlọ́run tóbi jù." Wọ́n ní ó ti jọ Allahu Akbar jù! Ẹ gbà mí. Lọ́dọ̀ tiwa ńbí, màmá oníṣọ́ọ̀ṣì àti àlháájà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń pariwo "Ọlọ́run tóbi!" lẹ́ẹ̀kan náà, ta ló ń bi wọ́n pé ibo ni wọ́n ti mú un? Inú Jòhánù Kìíní orí 3 ni Jackelén ti mú tiẹ̀, ibi tó ti sọ pé tí ọkàn wa bá ń dá wa lẹ́bi, Ọlọ́run tóbi ju ọkàn wa lọ. Ẹ fi ẹsẹ yẹn sọ́kàn o, màá padà síbẹ̀.

Ọmọ Jámánì ni, Herdecke ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1955, ìwé ló gbé e dé Swídìn. Ọdún 1958 ni Swídìn gbà kí obìnrin máa ṣe pásítọ̀, wọ́n fi mẹ́ta àkọ́kọ́ joyè ní 1960, òun náà wá joyè ní 1980. Pásítọ̀ ni ọkọ rẹ̀, ọmọbìnrin méjì ni wọ́n bí.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù lára obìnrin yìí ni ìwé tó fi gba oyè dókítà ní yunifásítì ìlú Lund, ní Swídìn, lọ́dún 1999. Orí àkókò àti ayérayé ló kọ ọ́ lé, ẹ sì gbọ́ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀: ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì! Ó kó ìwé orin jọ, ó ń wo bí àwọn tó ń kọrin ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa àná, òní àti ọ̀run, kó tó kọjá sínú Bíbélì, kó tó wá dé ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bíi Newton àti Einstein. Èmi tí mo ti ń kọ orin ìsìn láti kékeré, mi ò rò ó rí pé ẹnì kan lè jókòó bi orin léèrè pé "báwo lo ṣe mọ aago?" Lẹ́yìn ìwé yẹn ló di pọ̀fẹ́sọ̀ ní Chicago, níbi tó ti darí ilé iṣẹ́ kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn àti sáyẹ́ǹsì, kí Lund tó pè é padà wá ṣe bíṣọ́ọ̀bù ní 2007.

Ẹni tó ń bá Einstein jiyàn kì í tètè sọ "bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́." Kí ìbò 2013 tó wáyé, wọ́n bi gbogbo olùdíje pé ṣé Jésù fi Ọlọ́run hàn ní tòótọ́ ju Muhammad lọ. Jackelén ò fún wọn ní gbólóhùn kan ṣoṣo tí wọ́n ń wá, ó ń ṣàlàyé, ni àwọn oníwèé ìròyìn bá gbé e. Lójú tèmi ó yẹ kó dáhùn ṣókí, bíṣọ́ọ̀bù ni, kì í ṣe kíláàsì. Síbẹ̀ ó wọlé ní ìbò àkọ́kọ́, ìbò tó lé ní ìdajì ló ní.

31 October 2016, Póòpù Francis wá sí Lund láti bá àwọn Lutheran rántí àtúnṣe ṣọ́ọ̀ṣì tí Martin Luther bẹ̀rẹ̀, Jackelén sì wà lára àwọn tó gbà á lálejò, obìnrin nínú aṣọ bíṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí Póòpù ń bá ọkọ̀ òfuurufú padà lọ lọ́jọ́ kejì, oníròyìn Swídìn kan bi í bóyá Kátólíìkì náà máa ní obìnrin àlùfáà, ó ní ohun tí Póòpù John Paul Kejì ti sọ, pé obìnrin ò lè jẹ́ àlùfáà, ló ṣì dúró. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó.

Ó wá ku ẹsẹ Bíbélì yẹn. Ní àríwá Swídìn àwọn ará Sámì wà, àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, ọ̀pọ̀ ọdún ni ṣọ́ọ̀ṣì fi ń gba ìlù ìbílẹ̀ wọn, ó kó àwọn ọmọ wọn sí ilé ìwé ọ̀tọ̀, ó tún lọ́wọ́ sí bí wọ́n ṣe ń hú egungun òkú wọn fún àwọn tó ń wọn orí èèyàn láti fi mọ ẹ̀yà tó ga ju ẹ̀yà. November 2021, Jackelén dúró ní kàtídírà Uppsala, ó tọrọ àforíjì lórúkọ ìjọ, ó ka ẹ̀ṣẹ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò fi bò. Ibẹ̀ ló ti wá yé mi pé ìjọ tirẹ̀ gan-an ló ń sọ fún pé Ọlọ́run tóbi jù. Uppsala sì jìnnà sí ilẹ̀ àwọn Sámì, àmọ́ ní October 2022, oṣù tó fẹ̀yìn tì gan-an, ó gbéra lọ sí Luleå ní òkè lọ́hùn-ún, ó tún un tọrọ níṣojú wọn.