Windows yín: ṣé ìlẹ̀kùn ni àbí ẹní?

Ẹ káàbọ̀ o. Ìsọ̀ wa ní Lagere, nílùú Ilé-Ifẹ̀, ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀, ẹ má bínú, wọ́n ti múná lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé láptọ́ọ̀pù méjì wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ojú ọ̀kan ti fọ́ yángá. Èkejì, tòkunbọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ni. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ Windows inú èyí, kẹ́ ẹ kó o sínú ìyẹn. Mo ṣáà ti sanwó ẹ̀."

Ibi tọ́rọ̀ ti dojú rú nìyẹn. Windows ni ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe òun gan-an lèèyàn ń rà, àṣẹ àtilò ó ni, òun là ń pè ní láísẹ́ńsì. Láísẹ́ńsì kan wà bí ìlẹ̀kùn, òmíràn wà bí ẹní. Ẹni tó ta ilé kì í yọ ìlẹ̀kùn lọ. Ẹní ńkọ́? Ẹ ó ká a, ẹ ó gbé e dání.

Ìlẹ̀kùn ni OEM, èyí tó ti wà nínú láptọ́ọ̀pù látọwọ́ àwọn tó ṣe é. Látìgbà Windows 8, ní 2012, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti ń tọ́jú key rẹ̀, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà tó ń ṣí Windows, sínú mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó inú láptọ́ọ̀pù tí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ so mọ́. Ẹ pààrọ̀ họ́ọ̀dù dísìkì, ẹ fi kún RAM, kò séwu. Àmọ́ àṣẹ náà ò gbọdọ̀ ṣí kúrò níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ta láptọ́ọ̀pù, ó bá a lọ ni.

Ẹní ni Retail, èyí tí wọ́n tà lọ́tọ̀. Ó lè ṣí lọ, àmọ́ orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló gbọdọ̀ wà. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára ti àtijọ́ ná. Volume, ti ilé iṣẹ́ àti yunifásítì tó rà á ni. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra key olówó pọ́ọ́kú, ẹ fura. Lọ́pọ̀ ìgbà, irú èyí ni wọ́n ń tà fún yín.)

Báwo lẹ ó ṣe mọ tiyín? Ẹ wojú kọ̀ǹpútà yìí. Mo tẹ cmd síbi ìwákiri Windows, ìyẹn ojú ibi tá a ti ń kọ̀wé rán kọ̀ǹpútà níṣẹ́, mo ṣí i, mo wá kọ slmgr, mo fi àlàfo kan sí i, mo kọ /dli, mo tẹ Enter. Ẹ ní sùúrù díẹ̀... àpótí kékeré yọ. Ẹ wo ìlà kejì: OEM_DM, RETAIL tàbí VOLUME lẹ máa rí níbẹ̀. Tó bá jẹ́ RETAIL, tẹ́ ẹ sì ní key yín lọ́wọ́, ẹ ṣí cmd gẹ́gẹ́ bí Administrator, kẹ́ ẹ kọ slmgr /upk. Key náà kúrò nìyẹn, ẹ lè lọ tẹ̀ ẹ́ sórí tuntun.

Ti Mac ò le rárá: macOS ni ètò tiẹ̀, orí kọ̀ǹpútà Apple nìkan ni wọ́n gbà á láyè. Ubuntu, ètò míì tẹ́ ẹ lè lò dípò Windows, sì rèé, ọ̀fẹ́ ni, ẹ gbé e síbi tó wù yín.

A so láptọ́ọ̀pù tójú ẹ̀ fọ́ yẹn mọ́ mọ́nítọ̀, a yẹ̀ ẹ́ wò: OEM_DM. Ojú ọmọ náà rẹ̀wẹ̀sì. Mo ní, "Àbúrò, jẹ́ ká wo tòkunbọ̀ yìí ná." Windows Pro tí wọ́n fi kráàkì, ìyẹn ọgbọ́n jìbìtì tí kò ní láísẹ́ńsì, ṣí ló wà lórí ẹ̀. A nù ún kúrò, a tún Windows kó sí i. Kò tiẹ̀ bi wá léèrè key, Home, oríṣi Windows míì, ló gbé síwájú wa fúnra rẹ̀, torí key Home ti wà nínú mọ́dábọ́ọ̀dù látilẹ̀. A tan dátà fóònù ẹ̀ sí i, ó ṣí. Owó iṣẹ́ wa nìkan ló san.