Ẹ̀tù wo, káàpù wo? Bí mo ṣe ń yàn án fún ìbọn tí à ń kì lẹ́nu

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ yìí, sún mọ́ mi díẹ̀, má fi ìka bo ojú fóònù. Ẹ̀n-ẹ́n, bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè kan náà lẹ ń kọ sábẹ́ gbogbo fídíò mi. Mo bá ń pa ọ̀yà, ẹ̀tù lẹ ń béèrè. Mo bá ń tọ́jú ajá, káàpù, ohun kékeré tí òòlù ìbọn ń gbá kó lè dáná sí ẹ̀tù, lẹ ń béèrè. Àwọn kan wà nínú yín ní Ìbàdàn níbí tó ń lo ṣakabùlà, àwọn kan sì wà ní Amẹ́ríkà tó ń fi ráífù ìgbàlódé tí à ń kì lẹ́nu dọdẹ àgbọ̀nrín. Mo ti gbé ọ̀hún rí, mo sì ti yin irú ráífù bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n dá gbogbo yín lóhùn lẹ́ẹ̀kan.

Sìgá, àbẹ́là, ẹni tó ń dín àkàrà lẹ́yìnkùlé: kí gbogbo wọn jìnnà sí tábìlì yìí. Ìwé àṣẹ mi ló wà níbí yìí. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 dárúkọ ṣakabùlà, kò yọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ní ti bàbá òun ni, òun ò nílò ìwé, kó lọ ṣàlàyé fún ọlọ́pàá ní Mọ́níyà.

Ó yá. Ẹ̀tù dúdú nìyí, ojúlówó. Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ wò ni hóró rẹ̀. Lára agolo ẹ máa rí lẹ́tà F. Bí F bá ṣe ń pọ̀ ni hóró ń kéré sí i, ẹ má ṣe ka á sódì. F kan, hóró ńlá ni. F mẹ́ta ti kúnná bíi gààrí tí wọ́n fi asẹ́ wẹ́wẹ́ kù. Hóró wẹ́wẹ́ máa ń yára jó, agbára rẹ̀ sì máa ń tètè dé. Ráífù tí ihò rẹ̀ jẹ́ .50 ínṣì sókè, F méjì ni mo máa ń fún un. Èyí tó jẹ́ .45 wálẹ̀, F mẹ́ta. F mẹ́rin ńkọ́? Ìyẹn kì í wọnú ọ̀pá ìbọn rárá, inú àwo kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn olókùúta iná ni wọ́n ń bù ú sí.

Ẹnìkan kọ ọ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, "Bàbá, mo ti rí ọ̀nà tó rọrùn: mo tú kátíríìjì, mo da ẹ̀tù inú rẹ̀ sínú ṣakabùlà, ó dún dáadáa." Ó dún! Àánú rẹ ṣe mí, arákùnrin. Ẹ̀tù inú kátíríìjì òde òní kì í rú èéfín, kì í sì í ṣe ẹ̀tù wa. Paul Vieille, ọmọ Faransé kan, ló ṣe irú rẹ̀ jáde ní 1884, ṣakabùlà ti ń pa ẹran kí wọ́n tó bí bàbá bàbá rẹ̀. Agbára tó ń ti ògiri ọ̀pá ìbọn láti inú ga ju ohun tí irin ṣakabùlà lè gbà lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ó lè dún dáadáa, ẹ̀ẹ̀kejì ó lè dún dáadáa, ẹ̀ẹ̀kẹta á gba ìka lọ́wọ́ rẹ tàbí ojú. Má lò ó ní díẹ̀, má sì pò ó mọ́ ẹ̀tù dúdú. Àyàfi ìbọn tí iléeṣẹ́ tó ṣe é bá kọ ọ́ sára rẹ̀ pé irú rẹ̀ ló ń jẹ, irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ò sì pọ̀. Màá tún sọ ọ́ kí fídíò yìí tó parí, ẹ má bínú.

Ẹ̀tù àgbélérọ náà, ẹ má bi mí, mi ò ní kọ́ yín. Agbára tòní lè yàtọ̀ sí tàná, báwo wá lèèyàn ṣe fẹ́ wọ̀n ọ́n?

Fún ẹ̀yin ará òkè òkun: ẹ máa rí Pyrodex, Triple Seven àti Blackhorn 209. Wọ́n ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀tù dúdú, ṣùgbọ́n wọn kì í tètè gbaná bíi tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí n ò fi ní bá yín dà wọ́n sínú ìbọn olókùúta iná. Triple Seven lágbára ju ẹ̀tù dúdú lọ. Bí ẹ bá fẹ́ kó ṣe bákan náà, ẹ dín ìwọ̀n rẹ̀ kù ní ìdá 15 nínú 100. Pyrodex oníhóró ńlá tí wọ́n tẹ̀ pọ̀, orí tó dúdú ni kó kọjú sí ibi tí iná ń gbà wọlé. Blackhorn, káàpù tí wọ́n ń pè ní 209 nìkan ni kí ẹ fi dáná sí i, káàpù kékeré ò ní lè jí i. Iye tó yẹ kí ìbọn yín gbà, inú ìwé tó bá ìbọn wá ló wà. Fi kékeré bẹ̀rẹ̀, má kọjá ibi tí ìwé bá dúró sí. Ife òṣùwọ̀n ni mo fi ń bù ú, mi ò ní da ẹ̀tù tààrà láti inú agolo sí ẹnu ìbọn láéláé, nítorí bí iná kékeré bá ṣẹ́kù nísàlẹ̀, gbogbo agolo ló máa bú gbàmù mọ́ ọ lọ́wọ́.

Káàpù wàyí. Alexander Forsyth, pásítọ̀ ará Scotland tó fẹ́ràn àtimáa yìnbọn fún ẹyẹ, ló gba ìwé àṣẹ lórí irú ìdáná yìí ní 1807. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ fún mi pé oníṣọ́ọ̀ṣì kì í ṣọdẹ, ẹ gbọ́!

Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀: káàpù 10 àti 11 tó kéré, káàpù ńlá elétí mẹ́rin tí wọ́n ṣe fún ìbọn ogun, àti 209 tó jọ ti ìdí kátíríìjì. Ẹ má wo owó, ẹ wo ṣóńṣó orí tí káàpù ń jókòó lé. Bí káàpù bá tóbi jù ú, á já bọ́ nínú igbó láìjẹ́ pé o mọ̀. Bí ó bá fún jù, òòlù á kọ́kọ́ tì í wọlẹ̀ láìgbaná, ìgbà tó bá gbá a lẹ́ẹ̀kejì ni yóò tó gbaná. Ẹran á ti dé Ìsẹ́yìn! 209 gbóná gan-an, òun ni mo yàn fún ráífù ìgbàlódé. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú Triple Seven, iná rẹ̀ máa ń dá òrùka líle kan sínú ọ̀pá ìbọn, ọta kejì á ṣòro láti kì. Wọ́n ti ṣe èyí tó rọra gbóná nítorí ìyẹn, ẹ béèrè fún un.

Ẹ wá wo àṣírí mi báyìí, èyí tí àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Ìdó ti jí kọ́. Kí ìbọn tó gba ẹ̀tù, fi ọ̀pá ìkìbọn wọ̀n ọ́n, kí o mọ̀ pé kò sóhun nínú rẹ̀. Ọmọ yìí, yí fóònù sí ẹnu ìbọn, ṣùgbọ́n dúró sẹ́yìn mi! Mo kọjú rẹ̀ sílẹ̀, mo fi káàpù lé e, mo fà á. *Pá!* Ẹ rí koríko yẹn? Ó mì. Afẹ́fẹ́ jáde, ihò ṣí, òróró inú rẹ̀ ti jó. Bí koríko kò bá mì, má kì í, wá abẹ́rẹ́ fi gbọ́n ihò náà. Pẹ̀lú ọ̀rinrin Ìbàdàn lákòókò òjò yìí, koríko yìí ló ń gbà mí lọ́wọ́ ìbọn tó ń kọ̀ láti dún. Mo ṣì ń ṣe é nígbà ọyẹ́ náà.

Kíkì rẹ̀ ẹ mọ̀ ọ́n, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀: ẹ̀tù, aṣọ, ọta, tì í títí yóò fi kan ẹ̀tù, kí àyè má sí láàárín. Mo ní àmì lára ọ̀pá ìkìbọn mi, bí kò bá dé àmì, mi ò ní yìn ín. Káàpù ni ìgbẹ̀yìn. Bí ó bá sì kọ̀, kọjú ẹnu ìbọn síbi tí kò séèyàn, kí o dúró ó kéré tán ìṣẹ́jú kan kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ó lè ṣì máa jó díẹ̀díẹ̀ nísàlẹ̀.

Ẹ̀tù dúdú àti Pyrodex ń jẹ irin. Lọ́jọ́ náà gan-an, omi gbígbóná àti ọṣẹ, kí ó gbẹ, kí òróró tẹ̀lé e. Ti Blackhorn, omi kọ́, oògùn ìfọ̀bọn ni.

Ẹ̀tù kátíríìjì ńkọ́? Rárá! Mo ti sọ pé màá tún un sọ. Ọ̀rọ̀ ọta ló kàn, ọmọ yìí, pa á, bátìrì ti ń pariwo.