Wáàsí Jímọ̀: Kádàrá Ò Bo Ẹ̀ṣẹ̀ Apànìyàn Mọ́lẹ̀

Asalaamu alaekum warahmatullahi wabarakatuh, ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ nílé lóko.

Ọ̀rọ̀ tòní ti pẹ́ tó ti ń dùn mí. Bí wọ́n bá ti dárúkọ Jímọ̀ Ìsíákà, ọmọ tí ìbọn pa nílùú wa níbí, láàárín wa báyìí, nǹkan kan náà lẹ máa gbọ́: "Àmúwá Ọlọ́hun ni, kádàrá ẹ̀ ni." A á mirí, a á ṣe àmín, ó parí.

Ṣé ẹ rántí? Sátidé ni, ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá 2020, àwọn ọ̀dọ́ tú síta nílùú wa níbí pé kí ìjọba fòpin sí SARS, àwọn ọlọ́pàá tó ń dá ọmọ ọlọ́mọ dúró nítorí fóònù, nítorí irun orí, nítorí pé ó wa mọ́tò tó dáa. Ìbọn ba Jímọ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì gba ibẹ̀ kú, Gómìnà Ṣèyí Mákindé fúnra ẹ̀ ló kéde ẹ̀. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kú nínú ìwọ́de EndSARS, káàkiri Nàìjíríà ni wọ́n ń pe orúkọ ẹ̀, nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì ọ̀gá ọlọ́pàá pátápátá ti ní àwọn tú SARS ká. Àwọn kan á tún máa jiyàn pé ṣé ó wà nínú ìwọ́de ni àbí ó kàn ń wòran. Èwo nínú méjèèjì ló sọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ di háláàlì?

A gba kádàrá gbọ́, ẹni tí ò bá gbà á ìgbàgbọ́ ẹ̀ ò pé. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo Súrà Nisáì áyà 93: ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ pa onígbàgbọ́, iná Jahannama ni ẹ̀san ẹ̀. Ojiṣẹ́ Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ pé ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ dájọ́ ẹ̀ láàárín ènìyàn lọ́jọ́ Àlùkìyáámọ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni. Tí kádàrá bá ti yanjú ẹ̀, kí ni wọ́n tún fẹ́ dájọ́ lé lórí?

Ẹ wo fídáù ọmọ tí ìbọn pa. Ìyá ọmọ á jókòó sórí ẹní, á fa ìbòrí bojú, gbogbo ẹni tó bá ń wọlé á máa ní kó má sunkún mọ́, Ọlọ́hun ló fún un, Òun náà ló gbà á. Òótọ́ ni o. Àmọ́ kò sẹ́ni tó máa sún mọ́ ọn pé, "Ìyá wa, ta ló yìnbọn fún un?"

Súrà Isráì áyà 33 ní ẹni tí wọ́n bá pa lọ́nà àbòsí, Ọlọ́hun ti fún èèyàn ẹ̀ láṣẹ láti bèèrè ẹ̀tọ́, ṣùgbọ́n kó má kọjá àlà. Kọjá àlà yẹn kan àwọn tó ya wọ ààfin Ṣọ̀ún lọ́jọ́ kejì tí wọ́n ba ibẹ̀ jẹ́, tí ẹ̀mí mìíràn tún fi bọ́. Bèèrè ẹ̀tọ́ sì kan àwa tá a dákẹ́.

Kúnlé Adépéjù tí ìbọn ọlọ́pàá pa ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1971, ilé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń jẹ́ orúkọ ẹ̀ títí di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Àwa ńkọ́?

Ẹ̀yin tí fídíò ọjọ́ yẹn ṣì wà lórí fóònù yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má pa á rẹ́, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí sílẹ̀, torí Súrà Bákárà áyà 283 ní ẹni tó bá fi ẹ̀rí pamọ́, ọkàn ẹ̀ ti dẹ́ṣẹ̀. Ẹ̀yin tọ́mọ yín ń ṣe ọlọ́pàá, ẹ pè é lálẹ́ òní, ẹ sọ fún un pé "ọ̀gá ló ní kí n yìn ín" ò lè gbà á sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Tá a bá sì kírun àláásárì tán, kí òòrùn tó wọ̀, ẹ dárúkọ Jímọ̀ sí àdúà, àtàwọn tó kú lọ́jọ́ kejì ẹ̀. Kí Ọlọ́hun forí jìn wọ́n, kó gbẹ̀san wọn. Àmín.