Òfú Etíkun: Ẹ Fi Orí Sílẹ̀, Ikùn Ni Kẹ́ Ẹ Wò

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ariwo tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ yẹn, òkun ni. Galveston ni mo wà láàárọ̀ yìí, ní Texas, níbi tí àwa ará Houston máa ń sá wá tí ooru bá fẹ́ pa wá. Ẹ bá mi wo orí òpó tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún yẹn. Ẹ rí i? Ó ká ọrùn kò, ó gbé àgógó lé àyà, ó ń wo gbogbo wa bí onílé tó wá gba owó ilé. Òfú nìyẹn. Ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ yẹn, a ò mọ ohun tó jọ. Òun rè é.

Ìbéèrè kan péré: èyí tó wà lórí òpó yìí, àgbà ni àbí ọmọ? Ẹ mú ìdáhùn yín dání. A ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Mi ò ní ṣàlàyé ẹnu rẹ̀. Àgógó tó gùn tó rúlà ọmọ iléèwé, tí awọ tún rọ̀ sábẹ́ rẹ̀, ta ló fẹ́ ṣì í mọ̀? Oríṣi méjì ló wà létíkun yìí. Èyí tó funfun bíi lékeléke, tí ṣóńṣó ìyẹ́ rẹ̀ dúdú tó bá fò, ìgbà òtútù ló máa ń pọ̀ níbí. Òun kì í já sómi láti òkè. Wọ́n á kó ara wọn jọ lórí omi, wọ́n á da ẹja síwájú, wọ́n á wá bù ú bí ẹni fi igbá bu omi. Tiwa tòní ni aláwọ̀ ilẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní brown pelican. Tó bá na ìyẹ́ tán, láti ṣóńṣó kan dé ìkejì lè tó mítà méjì. Bẹ́ẹ̀ òun ló kéré jù nínú oríṣi òfú mẹ́jọ tó wà láyé o!

Ó dáa. Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣì í rè é. Ẹ̀ ń wo orí! Ẹ á rí ọ̀kan tí orí rẹ̀ funfun, tó pọ́n díẹ̀ lókè, ẹ á ní "akọ nìyí." Ẹ á rí ọ̀kan tí gbogbo orí àti ọrùn rẹ̀ rí bí eruku, ẹ á ní "abo nìyí." Rárá! Akọ àti abo jọ ara wọn, akọ kàn sábà máa ń tóbi díẹ̀ ni. Orí àgbàlagbà máa ń yí padà bí ìgbà ṣe ń yí. Tí àsìkò àtipamọ bá dé, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ tó funfun tẹ́lẹ̀ á di àwọ̀ obì pípọ́n. Tí àsìkò bá kọjá, á tún funfun. Ẹyẹ kan náà ni o!

Ikùn ni kẹ́ ẹ wò. IKÙN! Ikùn dúdú, àgbà. Ikùn funfun, ọmọ. Mo tún un sọ: ikùn dúdú, àgbà, ikùn funfun, ọmọ. Ó sì lè tó ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ọmọ tó gbé àwọ̀ àgbà wọ̀, nítorí náà ẹ máa rí àwọn tó wà láàárín, tí ikùn wọn rí bí aṣọ tí aró kò mú dáadáa. Mi ò bú yín o. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé ibí, oríṣi ẹyẹ mẹ́ta ni mo kọ sínú ìwé mi. Ìyá, bàbá àtọmọ ni wọ́n.

Ẹ dúró, ẹ dúró, ẹ wo òkè! Ọ̀kan ti rí ẹja. Ó yí po… ó ká ìyẹ́… ó já! Gbàà! Ó lè tó mítà 20 tí wọ́n ti ń já bọ́ bẹ́ẹ̀. Kó tó kan omi, ó máa ń yí ara sápá òsì, nítorí apá ọ̀tún ọrùn ni ọ̀nà ọ̀fun wà. Afẹ́fẹ́ tó wà lábẹ́ awọ rẹ̀ sì ń gbà á lọ́wọ́ ìpalára, bíi tìmùtìmù.

Báyìí, àpò ẹnu yẹn. Wọ́n ti sọ fún yín pé inú ẹ̀ ló ń kó ẹja pa mọ́ sí, àbí? Irọ́ ni. ÀWỌ̀N NI, KÌ Í ṢE ÀPÒ. Tó bá ya ẹnu lábẹ́ omi, awọ yẹn á wú, ó lè gba omi bíi lítà 10 pẹ̀lú ẹja. Ta ló lè gbé ìyẹn fò? Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ da omi nù.

Ẹ rántí bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń bọ ìrẹsì. Wọ́n á fi ọmọrí dé ìkòkò, wọ́n á fi aṣọ di etí rẹ̀ mú, wọ́n á rọra dẹ̀ ẹ́, omi á máa ṣàn, hóró kan ò gbọdọ̀ bọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin da gbogbo ìkòkò sí gọ́tà lọ́jọ́ ọdún kan, a ṣì ń bá a wí di òní. Ohun tí òfú ń ṣe gan-an nìyẹn: ó dorí àgógó kọdò sí àyà, omi ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹja ń dúró. Ó lè tó ìṣẹ́jú kan. Ibẹ̀ ni olè ti ń wọlé! Ẹ rí ẹyẹ etíkun olórí dúdú yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní gull, tó bà lé e lórí? Ó ń dúró de èyí tó máa bọ́. Tí omi bá tán, òfú á gbé orí sókè, á gbé ẹja mì. Ó tán. Ọ̀fun ló ń gbé e lọ sílé, ibẹ̀ náà ló sì ti ń pọ̀ ọ́ fáwọn ọmọ.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ní ìtàn. Awọ so ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ó ju ti pẹ́pẹ́yẹ lọ, ẹsẹ̀ yẹn ló sì fi ń sàba lórí ẹyin. Nígbà tí oògùn apakòkòrò DDT ṣàn wọ òkun, tó wọnú ẹja, èèpo ẹyin wọn di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìyá dúró lórí ẹyin, ẹyin fọ́. Nígbà tó fi máa di 1963, wọ́n ti pa rẹ́ ní Louisiana, ìpínlẹ̀ tó ń fi òfú ṣe àmì ara rẹ̀! Ní 1966 ni wọ́n wá fi òfin sọ ọ́ di ẹyẹ ìpínlẹ̀ náà, nígbà tí kò sí ẹyọ kan mọ́. Mo máa ń rẹ́rìn-ín síyẹn. Florida ni wọ́n ti lọ kó òmíràn wá láti 1968. Ìjọba fòfin de DDT ní 1972, ní 2009 ni wọ́n sì yọ òfú kúrò lára àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu.

Ẹ̀yin apẹja, kíákíá. Tí òfú bá gbé ìwọ̀ yín, Ẹ MÁ GÉ OKÙN. Á fi okùn yẹn kọ́ ẹ̀ka igi, á kú síbẹ̀. Ẹ rọra fà á wá, ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì bò ó lórí, ẹ di àgógó mú, àmọ́ ẹ jẹ́ kó ṣí díẹ̀. Ihò imú rẹ̀ dí, ẹnu ló fi ń mí. Ẹ sì má ju egun ẹja ńlá fún un, ó ń ya awọ ọ̀fun rẹ̀.

Háà, onílé wa fẹ́ gbéra lórí òpó! Orí eruku, ọrùn eruku… ó ti fò. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀, ẹ yára!

Funfun. Ọmọdé ni.