Omi Ló Ń Yọ́ Òkúta Lábẹ́ Jàpáàn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ jẹ́ n bi yín: kí ló ń yọ́ òkúta lábẹ́ Fuji, òkè ayọnáyèéfín Jàpáàn tó bú gbàmù kẹ́yìn lọ́dún 1707, tí eérú ẹ̀ fò dé Edo tí wọ́n ń pè ní Tokyo báyìí? Mo mọ̀ pé iná lẹ máa sọ. Rárá o. Omi ni!

Ẹ wò ó, ilẹ̀ abẹ́ òkun Pàsífíìkì ń rì sábẹ́ Jàpáàn, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8 sí 9 lọ́dún, omi òkun sì ti wọnú òkúta ẹ̀ tipẹ́. Kì í ṣe omi inú kẹ́ẹ̀gì o, ó ti di ara òkúta gan-an, ẹ lè fọ́ ọ kẹ́ ẹ má rí ẹ̀kán kan. Tó bá wá rì jìnnà, tí ooru mú un, tí ẹrù orí ẹ̀ tún ń tẹ̀ ẹ́, omi yẹn á tú jáde, á máa gòkè.

Ibí yìí lẹ ti máa ń ṣì í, ojoojúmọ́ lẹ̀ ń kọ ọ́ sí kọ́mẹ́ǹtì: "ilẹ̀ tó rì yẹn ló yọ́." KÌ Í ṢÒUN! Ìyẹn tutù ju àyíká ẹ̀ lọ. Òkúta tó wà LÓKÈ ẹ̀, ìyẹn mantle (ìpele òkúta tó wà lábẹ́ èèpo ilẹ̀ ayé), ló ń yọ́. Lókè o!

Ṣé ẹ mọ kán-ún? Tí ẹ̀wà bá ń ṣagídí, màmá mi kì í fi igi kún iná, kán-ún díẹ̀ ni wọ́n máa jù sí i, iná ò le sí i, ẹ̀wà á sì rọ̀. (Mo dán an wò lọ́jọ́ kan tí wọn ò sí nílé, ẹ̀wà di ẹ̀kọ, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.) Omi ni kán-ún òkúta. Ní nǹkan bíi kìlómítà 100 nísàlẹ̀, mantle tó gbẹ ò ní yọ́ àfi tó bá gbóná tó bíi dìgírì 1,450, kò sì gbóná tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Fi omi sí i, bíi 1,000 ti tó, kódà ó lè má tó bẹ́ẹ̀. OORU Ò LÉ SÍ I O! Omi kàn ń já ẹ̀wọ̀n sílíkọ́nì àti ọ́síjìn ni, ló bá rọrùn fún un láti di olómi. Òkúta tó ti yọ́ tí wọ́n ń pè ní mágímà basalt nìyẹn, ó fúyẹ́ ju òkúta tó yí i ká lọ, ó ń gòkè nìyẹn.

Omi náà á bá a lọ, bí ẹrù orí ẹ̀ bá ti ń dín kù ló ń di gáàsì, bíi kóòkì téèyàn mì kó tó ṣí i.

Kí ẹnikẹ́ni má fa òkè ayọnáyèéfín Kamẹrúùnù wọ̀ ọ́ o, ilẹ̀ kankan ò rì sábẹ́ ìyẹn. Fídíò tiẹ̀ ń bọ̀.